Ṣíṣá kọ́ ni gígé: ìrírí mi lẹ́nu ẹ̀kọ́ idà ní Jàpáàn

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi idà olójú mímú lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi gé ẹní tí wọ́n ká, tí wọ́n sì rì sínú omi, ẹní náà kò gé. Idà wọ inú rẹ̀ dé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó sì há síbẹ̀. Ẹní náà fì sí apá òsì lórí èèkàn tí ó gbé e dúró, omi inú rẹ̀ sì ń kán tó, tó, tó sórí ilẹ̀ onípákó. Ogún oṣù gbáko ni mo ti fi ṣe ìdánrawò pẹ̀lú idà onígi àti idà tí kò lójú kí ọjọ́ náà tó dé, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé apá mi ti ká a. Olùkọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní sensei, kò wo ẹní, wọn kò wo idà, wọn kò sì wo ojú mi. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n tẹjú mọ́. Wọ́n fi orí ọ̀pá tí wọ́n mú lọ́wọ́ kan gìgísẹ̀ òsì mi, wọ́n ní, “Ibí ni ó ti bàjẹ́.”

Nagoya ni ilé ìdánrawò wa wà, ìlú ńlá tó wà láàárín Tokyo àti Osaka, níbi tí mo ti wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọdún 2014, tí mo sì dúró sí láti máa ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2016 ni ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ mi mú mi lọ síbẹ̀. Ẹ̀ka tí a ń kọ́ ni wọ́n ń pè ní Toyama-ryu, èyí tí ó ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun tó ń jẹ́ Toyama ní Tokyo jáde wá ní ọdún 1925. Nítorí pé àwọn ọmọ ogun ni wọ́n là á sílẹ̀ fún, orí ìdúró ni ohun gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí pé à ń kúnlẹ̀ fa idà yọ bí wọ́n ti ń ṣe nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka àtijọ́. N kò mọ̀ nígbà náà pé ìdúró lásán yìí ni yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ mi.

Àwọn ará ilé tó bá gbọ́ pé mò ń kọ́ idà máa ń kọ́kọ́ bi mí bí idà náà ti mú tó. Ó mú. Ṣùgbọ́n idà tó mú jù lọ nílé ìdánrawò wa kò gé ẹní fún ẹni tí ìdúró rẹ̀ kò tọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti fi ojú ara mi rí ìyá àgbà kan tí orí wọn kò ga ju èjìká mi lọ, tí wọ́n gé ẹní kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà léraléra láìmí hẹlẹ. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni mo máa ń rántí nígbàkigbà tí ó bá ṣe mí bíi pé kí n fi agbára kún un.

Tameshigiri ni orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni gígé láti fi dán nǹkan wò. Láyé àtijọ́, idà gan-an ni wọ́n ń dán wò. Ní àkókò tí wọ́n ń pè ní Edo, ìdílé kan wà tí àwọn olórí rẹ̀ ń jẹ́ Yamada Asaemon láti ìran dé ìran. Lára iṣẹ́ wọn ni láti fi òkú àwọn ọ̀daràn tí ìjọba ti pa dán idà wò, wọ́n sì máa ń fín àbájáde irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ sára irin tí èkù bò mọ́lẹ̀. Òfin ọdún 1876 ka gbígbé idà kiri ní gbangba léèwọ̀ fún àwọn samurai, ìyẹn àwọn jagunjagun ilẹ̀ Jàpáàn àtijọ́, ayé sì yí. Ẹni tó di idà mú ni à ń dán wò lóde òní, inú mi sì dùn pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Ẹní ni a ń gé. Ojú ẹní tatami, tí wọ́n fi koríko kan tó ń jẹ́ igusa hun, ni a máa ń ká gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń ká ẹní tí ó bá jí láàárọ̀. A ó fi okùn dì í ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a ó sì rì í sínú omi di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn èyí a ó gbé e nàró kí omi ṣàn kúrò lára rẹ̀, a ó wá fi ìdí rẹ̀ gún èèkàn kan lórí pátákó ìdúró. Ẹní gbígbẹ a máa le, a sì máa kọ ojú idà. Èyí tí ó ti mu omi yó a máa wúwo, ara rẹ̀ a sì máa ki, bẹ́ẹ̀ ni nínípọn rẹ̀ a tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Òórùn rẹ̀ dà bí òórùn koríko tí òjò pa lóko. Òórùn yẹn ni ó tàn mí jẹ, nítorí pé ó mú kí ara mi rò pé iṣẹ́ tí òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé ka iwájú òun.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, láti ẹ̀bá Ìsẹ́yìn. Mo ti ń di àdá mú láti ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní oko bàbá mi àti ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ níbi tí a ti máa ń gé koríko bí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wá di idà mú, apá ọ̀tún mi gba iṣẹ́ náà ṣe lọ́wọ́ gbogbo ara yòókù. Bẹ́ẹ̀, èdè wa ti ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí n tó pàdé olùkọ́ kankan: a ń ṣá igi, a ń la igi, a ń rẹ́ ẹ̀ka, a ń gé ẹran, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò fi ọ̀kan pe èkejì. Ẹni tó ń ṣá nǹkan ń fi agbára apá àti ìwúwo irin lù ú títí yóò fi ya. Ẹni tó ń gé nǹkan ń jẹ́ kí ojú irin rìn gba inú rẹ̀ kọjá. Idà àwọn ará Jàpáàn gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70 láti ibi èkù dé ṣónṣó, ó wúwo ju kílò kan lọ díẹ̀, ó sì tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun ọdẹ, kí ojú rẹ̀ lè máa fà bí ó ti ń wọlé. Mo ń ṣá ẹní náà ni, n kò gé e. Nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ yìí bá sọ fún ara mi ní èdè tí mo gbọ́ dénú, ìdajì wàhálà mi yanjú. Ìdajì kejì kù sí ẹsẹ̀.

Kí ni gìgísẹ̀ òsì mi ṣe? Ó yà síta. Bí mo ti máa ń dúró gé koríko nìyẹn, kí apá ọ̀tún lè ráyè fì. Bí a bá fẹ́ gé láti èjìká ọ̀tún wá sí ìbàdí òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó ń wà níwájú, òsì lẹ́yìn, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì sì kọjú sí ibi tí à ń lọ, kí ìwúwo ara pín sórí méjèèjì, kí orúnkún iwájú tẹ̀ díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá yà síta, ìbàdí á yà tẹ̀ lé e. Bí ìbàdí bá yà, èjìká òsì á fà sẹ́yìn. Bí èjìká bá fà sẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ á yí láti wá idà rí. Bí ọrùn ọwọ́ bá sì ti yí, ojú idà kò kọjú sí ibi tí idà ń lọ mọ́. Gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ tán kí irin tó kan ẹní. Idà tó há ni èmi rí. Sensei ti rí ẹsẹ̀ tó yà kí n tó gbé idà sókè, wọ́n sì jẹ́ kí n gé e kí èmi náà lè mọ̀.

Oṣù mẹ́rin ni wọn kò fi jẹ́ kí n tún fọwọ́ kan idà olójú mímú. Wọ́n lẹ téèpù funfun méjì mọ́ ilẹ̀, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì, àyè àárín wọn kò ju ìwọ̀n ìkúùkù kan lọ, mo sì ń lọ tí mo ń bọ̀ lórí wọn láìgbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ń fà bí ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Ó sú mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ilé ìdánrawò sílẹ̀ lóṣù kejì. Ohun tó dá mi dúró ni pé ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ti ń gun àtẹ̀gùn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, mo ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ òsì mi ń yà síta níbẹ̀ pẹ̀lú, pé ó ṣeé ṣe kí ó ti máa yà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń rìn láyé, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi rí.

Láti ẹsẹ̀, ó kan ìbàdí. Ibì kan wà ní ìsàlẹ̀ ìdodo tí wọ́n ń pè ní tanden, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbà pé agbára gígé ti ń jáde. N kò ní ìdí láti bá wọn jiyàn, nítorí pé bí ìbàdí bá ṣíwájú, tí èjìká sì tẹ̀ lé e, idà á wúwo lọ́nà tí apá nìkan kò lè mú un wúwo. Mo máa ń gbé àyà síta bí ẹni tó fẹ́ ju òkò nígbà tí mo bá gbé idà ga, bí idà bá sì ń bọ̀ nílẹ̀, orí mi àti ẹ̀yìn mi á bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n kan nílé ìdánrawò fi fóònù ká mi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo sì rí ara mi tí mo tẹ̀ síwájú, tí ìdí mi yọ sẹ́yìn, bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ fọ aṣọ létí odò. Ojú ló fà á. Ibi tí mo fẹ́ gé lára ẹní ni mò ń wò, ojú sì ń fa orí, orí ń fa ẹ̀yìn. Wọ́n kọ́ mi kí n máa wo ẹní bí ìgbà tí ènìyàn ń wo òkè tó jìnnà réré, kí n lè rí i láti orí dé ìdí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìtẹjú mọ́ ibì kan. Ó ṣòro láti gbà gbọ́, àmọ́ ẹni tí kò tẹjú mọ́ ojú gígé ni idà rẹ̀ ń balẹ̀ síbẹ̀.

Èmi ti mọ òwe tó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tẹ èkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba òun, ṣùgbọ́n n kò tíì ronú rí nípa bí ọwọ́ ṣe ń tẹ èkù. Ọwọ́ ọ̀tún ń wà ní òkè, lẹ́bàá irin róbótó tí wọ́n ń pè ní tsuba. Ọwọ́ òsì ń wà ní ìparí èkù pátápátá. Ọwọ́ òsì ni ó ń gé. Ọ̀tún ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e ni ó ń di èkù mú gírígírí, àtàǹpàkò àti ìka tó sún mọ́ ọn kàn fara lé e lásán ni, àárín ọwọ́ méjèèjì sì ń yí wọ inú bí ìgbà tí a bá ń fún aṣọ tútù, láìjẹ́ kí èjìká gbé sókè. Sensei fún mi ní táwẹ́ẹ̀lì tútù kan, wọ́n ní kí n máa dì í mú ní ìnàró bí idà, kí n máa fún un ní àádọ́ta ìgbà lójúmọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, awọ ọwọ́ mi le ní ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún, níbi tí èkù àdá ti máa ń gún. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2018, ibẹ̀ ti rọ̀, awọ líle tuntun sì ti hù ní ìdí ọmọńdinrín òsì. Sensei fi àtàǹpàkò wọn tẹ ibẹ̀, wọ́n mi orí, wọn kò sì sọ nǹkan kan.

Bí ọwọ́ bá wá mọ̀ ọ́n ṣe tán, ó ṣì ku bí idà ṣe ń lọ. Ẹni tuntun máa ń fi ọwọ́ ṣáájú. Ọwọ́ á ti sọ̀kalẹ̀ dé ikùn, idà ṣì wà lókè, yóò wá balẹ̀ bí àáké. Ṣónṣó idà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jáde lọ, bí ìgbà tí apẹja bá ju ìwọ̀ sódò, kí apá méjèèjì sì nà tẹ̀ lé e, kí ibi tí yóò kan ẹní jẹ́ apá òkè idà, ìwọ̀nba díẹ̀ sí ṣónṣó, tí wọ́n ń pè ní monouchi. Bí a bá sún mọ́ ẹní jù, àárín idà ni yóò kàn án, yóò sì há; bí a bá jìnnà jù, ṣónṣó nìkan ni yóò họ ọ́ lára. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń ya méjèèjì, ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì tún padà sí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ni ojú gígé. Gígé tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kesa, orúkọ aṣọ tí àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà ń gbé kọ́ èjìká kan tó sì ń dábùú àyà wọn. Bí aṣọ náà ti dábùú ni idà ń gbà kọjá, ní ìwọ̀n igun 45. Bí a bá ti gé ẹní tán, a máa ń mú ègé tó jábọ́, a ó sì kà á bí ìwé. Bí ojú rẹ̀ bá tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú idà àti ọ̀nà idà bára mu. Hasuji ni wọ́n ń pe ìbáramu yìí. Bí ó bá jin wọ inú bí ojú ìkòkò, ọwọ́ ọ̀tún ti fa idà yí lójú ọ̀nà. Bí etí rẹ̀ bá ya jákujàku, idà kò yára tó, tàbí kí olúwarẹ̀ ti fi èjìká tì í. Mo máa ń mú ègé méjì tàbí mẹ́ta lọ sílé, mo máa ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí wọ́n gbẹ, mo sì máa ń fi èyí tó wà láti oṣù tó kọjá wé ti oṣù yìí. Kò sí olùkọ́ tó lè bá ènìyàn sọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn idà mìíràn wà tí wọ́n gbẹ́ ihò tóóró sí ẹ̀gbẹ́ wọn láti ìdí dé ẹ̀bá ṣónṣó. Bí a bá fì wọ́n tí hasuji sì tọ́, wọ́n á dún fíì, bí kò bá tọ́, ohùn náà á fọ́. Ṣùgbọ́n etí ènìyàn a máa fẹ́ gbọ́ ohun tó wù ú. Ẹní kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ti tẹ idà kan rí. Idà ilé ìdánrawò ni, n kò sì lè gbàgbé ọjọ́ náà. Inú ń bí mi láti ibi iṣẹ́ wá, mo wá fẹ́ fi ẹní tu inú. Bí mo ti fi gbogbo agbára wọ̀ ọ́, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi yí, ẹní náà já kúrò lórí èèkàn, nígbà tí mo sì gbé idà sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo rí i pé ó ti yẹ̀ sí apá kan díẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tọrọ gáfárà. Alágbẹ̀dẹ kan ní Seki, ìlú alágbẹ̀dẹ tó wà ní ìpínlẹ̀ Gifu lẹ́bàá wa, níbi tí wọ́n ti ń rọ idà láti ohun tó lé ní ọdún 700, ti ṣàlàyé fún wa pé amọ̀ ni wọ́n ń fi ra idà lára kí wọ́n tó fi iná àti omi mú un le, fẹ́lẹ́ ní ojú, nípọn ní ẹ̀yìn, kí ojú lè le gan-an, kí ẹ̀yìn sì rọ̀. Nítorí náà ni idà irú èyí fi máa ń tẹ̀ kí ó tó ṣẹ́. Sensei fi ohun èlò onígi kan tẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, èmi sì jókòó tì wọ́n ní gbogbo àkókò náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọkàn mi kò bá tutù, n kì í fa idà yọ.

Ọ̀rọ̀ àkọ̀ kò ní gùn. A ní òwe kan pé idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Mo gbọ́ ọ láti kékeré, ṣùgbọ́n Jàpáàn ni mo ti rí i lójú. Ojú idà ń kọjú sókè nínú àkọ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan fa idà yọ yóò máa fi ojú rẹ̀ họ inú igi àkọ̀, títí eruku igi yóò fi máa jábọ́ lẹ́nu rẹ̀, tí ojú idà yóò sì máa ku, ọjọ́ kan sì lè jẹ́ ọjọ́ tí idà yóò la àkọ̀ já bá ìka ọwọ́ òsì tó dì í mú. Ọwọ́ òsì ni ó yẹ kí ó fa àkọ̀ sẹ́yìn bí ọ̀tún ti ń fa idà síwájú, ìbàdí ni yóò sì ṣí àyè fún méjèèjì.

Ó di ọdún 2019 kí n tó gé ẹní láìsí ìdíwọ́, ọdún náà ni mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ara mi léṣe. A ń gé ẹ̀ẹ̀méjì léra, pẹ̀lú ìgbésẹ̀ láàárín. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú níbi tí ó yẹ kí ọ̀tún wà, mo sì gé láti ọ̀tún sí òsì. Ẹní náà gé tán bí ẹni gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò dá idà dúró rárá, idà sì ń bọ̀ wálẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí mo yí padà kí n tẹríba ni mo rí i pé hakama mi, ìyẹn ṣòkòtò ìdánrawò tó fẹ̀ bíi kẹ̀ǹbẹ̀, ti là lókè orúnkún òsì, ibi tó là kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ, etí rẹ̀ tọ́ geere bí ibi tí télọ̀ gé. Awọ ara mi kò ya. Sensei dá gbogbo ènìyàn dúró. Wọ́n ní kí n fi ìka mi sínú ibi tó là náà, kí n sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tuntun nìyí, ó sì ká mi lára ju gbogbo ohun tí mo ti kọ lókè lọ: ẹsẹ̀ tó wà ní apá ibi tí idà ń lọ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn, idà kò sì gbọdọ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀ orúnkún. Ẹni tí kò lè dá idà dúró kò tíì mọ gígé. Ìbàdí ni ó ń dá a dúró, pẹ̀lú àwọn ìka méjì ọwọ́ òsì wọ̀nyẹn tí yóò tún fún mọ́ èkù. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, à ń fi àtàǹpàkò tẹ èèkàn ọparun kékeré tó so idà pọ̀ mọ́ èkù wò, nítorí pé bí ó bá kán, idà yóò fò lọ. Kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ dúró níwájú tàbí lẹ́yìn ẹni tó ń gé.

Ní Oṣù Kejì ọdún 2023 mo lọ sílé. Mo tẹ̀ lé bàbá mi lọ sóko láti la ààlà ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sí. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Mo jókòó sídìí igi mo ń wò wọ́n, ó sì ṣe mí bí ẹni pé n kò rí wọn rí: ẹsẹ̀ wọn gbòòrò díẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ iwájú, wọn kò tẹjú mọ́ koríko, ìbàdí wọn ń lọ ó ń bọ̀, àdá kàn ń tẹ̀ lé ìbàdí ni, ọwọ́ wọn kò sì fún un pọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń wo ọwọ́ wọn, tí mo rò pé ọwọ́ ni mo ń kọ́. Mo dìde, mo gba àdá, mo bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní, “Àkànní, ta ló kọ́ ọ?” Mo ní, “Ẹ̀yin ni, bàbá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Irọ́ ni. Ìgbà tí o wà lọ́dọ̀ mi, ńṣe lo máa ń ṣá igbó. A kì í ṣá igbó, ṣíṣán là ń ṣán an.” Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri ní Nagoya ni wọ́n sọ yẹn. Nígbà tí mo padà, mo gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ fún sensei, ìyàtọ̀ ṣíṣá àti ṣíṣán, wọ́n sì ní kí n tún àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì pè ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ní Sátidé tó kọjá mo gé ẹní mẹ́rin. Láti ọ̀tún sí òsì, ojú gígé tẹ́jú. Orí ẹní tilẹ̀ dúró síbẹ̀ díẹ̀ lórí ìdí rẹ̀ kí ó tó yọ̀ sọ̀kalẹ̀. Láti òsì sí ọ̀tún, ìdajì ìsàlẹ̀ ṣì jin, mo fi àtàǹpàkò wò ó, ó wọ inú rẹ̀. Mo fi bébà nu idà gbẹ nítorí pé omi ẹní kì í pẹ́ dá ìpata sí irin, mo fi òróró tó ń ta òórùn kánáfùrù pa á lára. Sensei mú ègé kejì yẹn, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n dúró bí mo ti dúró nígbà tí mo gé e. Mo dúró, òsì níwájú, ọ̀tún lẹ́yìn. Wọ́n wo ẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Èmi náà wò ó, ó sì yà síta díẹ̀. Mo ti tún lẹ téèpù funfun méjì mọ́ ilẹ̀ yàrá mi láti alẹ́ ọjọ́ náà.